Ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Àkúrẹ́ lórí èdè kíláàsì: ẹ jẹ́ ká wo Tanzania ná

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìforítì lórí èdè wa. Tíṣà pírámárì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ọ̀nà Ọ̀bá-Ilé ní Àkúrẹ́ níbí ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ń dùn mí gan-an ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ lẹ́tà sí yín, torí tí mo bá ń sọ ọ́ nílé nìkan kò lè débì kankan.

Ní November 2025, àwọn kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ láti gbogbo ìpínlẹ̀ kóra jọ sí Àkúrẹ́ wa níbí fún ìpàdé National Council on Education, àwọn ọ̀gá láti Abuja náà wá, ìpàdé yẹn ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fagi lé ìlànà èdè tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2022, èyí tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún gbogbo ọdún mẹ́fà pírámárì. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde ẹ̀ ní Abuja níbi àpérò kan tí British Council ṣe, pé láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí tíṣà máa fi kọ́ ọmọ. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn agbègbè tó ń fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jù ni àwọn ọmọ wọn ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB, pé ohun tá a ti ń ṣe láti bí ọdún 15 ló ba ẹ̀kọ́ jẹ́ níbẹ̀.

Mi ò bá Mínísítà jà o, ó dá mi lójú pé àwọn náà fẹ́ kí ọmọ mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ ná. Ìparí November 2022 ni ìjọba fọwọ́ sí ìlànà yẹn, ọjọ́ tí wọ́n sì kéde ẹ̀, Mallam Adamu Adamu tó jẹ́ mínísítà nígbà náà ti sọ pé ó máa gba àkókò kí wọ́n tó rí ìwé ṣe, kí wọ́n tó rí tíṣà tó máa kọ́ ọ. Ká tiẹ̀ ní wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kíá ní September 2023, ọmọ tó wọ pírámárì wan lọ́dún náà, ó di 2035 kó tó jókòó ṣe WAEC. Kò tíì sí ọmọ kan ní gbogbo Nàìjíríà tó gba abẹ́ ìlànà yẹn dé WAEC, báwo la ṣe wá fẹ́ fi èsì WAEC dá a lẹ́bi? Àfi tó bá jẹ́ èyí tó ti wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ìlànà ètò ẹ̀kọ́ 1977 tó ní kí wọ́n fi èdè ilé ọmọ bẹ̀rẹ̀ pírámárì. Tó bá jẹ́ ìyẹn ni, èmi tí mo wà ní kíláàsì lè sọ bó ṣe rí, torí ojú mi ló ṣe.

Bó ṣe rí rèé. Ìwé ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì. Social studies tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ nípa ọba ìlú ẹ̀ àti ọjà ìlú ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Ìwé kan ṣoṣo tó jẹ́ Yorùbá ni ìwé Yorùbá fúnra ẹ̀. Ohun tí tíṣà máa ń ṣe ni pé á ka Gẹ̀ẹ́sì yẹn látinú ìwé, á tún un sọ ní Yorùbá bó bá ṣe mọ, á padà kọ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ sí bọ́ọ̀dù kí àwọn ọmọ dà á kọ, tó bá wá di ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì ló máa jáde. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bá a ṣe máa fi Yorùbá kọ́ ìdá nínú ìṣirò, kò sẹ́ni tó fún wa ní ìwé tí wọ́n ti to àwọn ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì sí, kálukú ń dá tiẹ̀ hùmọ̀ ni, ohun tí èmi ń pè é ní kíláàsì mi lè yàtọ̀ sí ohun tí tíṣà kíláàsì kejì ń pè é. Ilé ìwé aládàáni wá ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sára ògiri pé kò gbọdọ̀ sí fánákúlà níbí, ọmọ tó bá sọ Yorùbá á san fáìnì. Ilé ìwé kan wà tí wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọmọ mi torí ó ní "ẹ jọ̀ọ́ mà" fún tíṣà ẹ̀. Ọmọ ń bẹ àgbà, wọ́n ní kó wá sanwó ẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Èyí wá ni wọ́n kà kún fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ, tí wọ́n ní a ti dán an wò, pé kò ṣiṣẹ́!

Nígbà tí mo wà ní Adeyemi, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà ní Ondo, kọ́ọ̀sì kan wà tá a ṣe tí wọ́n ti ń fi ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Tanzania, láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn. Ìdí tí mo fi mú wọn ni pé ọ̀rọ̀ wọn jọ tiwa. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ṣàkóso wa, 1960 làwa gba òmìnira, 1961 ni tiwọn, èdè tó sì wà lórílẹ̀-èdè wọn lé ní 120, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ó rọrùn fún wọn torí èdè kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ. Nyerere tó jẹ́ olórí wọn, tíṣà ni kó tó di òṣèlú. Ní March 1967, bí oṣù kan lẹ́yìn Arusha Declaration, ìyẹn ìkéde tí wọ́n fi sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ máa ṣèjọba, ó gbé ìwé kékeré kan jáde lórí ètò ẹ̀kọ́ tó pè ní Education for Self-Reliance. Ohun tó sọ níbẹ̀ wọ̀ mí lára títí dòní. Ó ní ilé ìwé tí òyìnbó fi sílẹ̀, àwọn ọmọ díẹ̀ tó máa wọ sẹ́kọ́ńdírì ló ń rò, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ò ní kọjá pírámárì, nítorí náà ẹ̀kọ́ pírámárì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ tó pé fúnra ẹ̀, tí ọmọ bá parí ẹ̀, kó jẹ́ pé ó ti rí nǹkan mú lọ sílé. Lọ́dún yẹn náà ni Swahili di èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní gbogbo pírámárì ìjọba láti kíláàsì kìíní dé ìkeje, ìṣirò ni o, sáyẹ́ǹsì ni o, jọ́gíráfì ni o, àti ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde. Wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1967 kan náà, BAKITA ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti máa bójú tó Swahili, kí ọ̀rọ̀ tuntun lè wà fún ohun tuntun, yunifásítì wọn ní Dar es Salaam náà sì ń ṣe ìwádìí lórí èdè ọ̀hún. Ìyẹn ni pé wọn ò kàn pàṣẹ kí wọ́n wá fi tíṣà sílẹ̀ kó máa hùmọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí gbogbo ọmọ wọ pírámárì, 1977 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, ọdún kan lẹ́yìn tí àwa náà bẹ̀rẹ̀ UPE tiwa lábẹ́ Obasanjo ní 1976. Àwọn àgbàlagbà náà wọ kíláàsì, àgbẹ̀, ìyálọ́mọ, wọ́n ń kọ́ ìwé kíkà ní èdè tí wọ́n ń gbọ́. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, ìjọba wọn ń kà á pé nínú 100 àgbàlagbà, bíi 90 ló lè kà kó sì kọ. Kódà ká yọ díẹ̀ kúrò nínú ìyẹn torí ìjọba ló ń ka tara ẹ̀, ohun ńlá ṣì ni.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀run ni Tanzania o. Tíṣà ò tó nígbà yẹn, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pírámárì ni wọ́n sáré kọ́ níṣẹ́ tíṣà lábúlé, kíláàsì kún fọ́fọ́, nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn dẹnu kọlẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́wọ́ òbí, ọ̀pọ̀ ọmọ bá jókòó sílé. 2001 ni wọ́n tó yọ owó pírámárì kúrò, kí wọ́n tó yọ ti sẹ́kọ́ńdírì ó di ìgbà Ààrẹ Magufuli, láti 2016. Ẹ tún wo nǹkan míì, Swahili kì í ṣe èdè abínibí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn, èdè ọjà ni, èdè tí gbogbo ìlú jọ ń gbọ́, àwọn èdè kéékèèké ò ráyè wọ kíláàsì rárá. Àdánù nìyẹn náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti yọ̀ gan-an ni sẹ́kọ́ńdírì. Ọmọ á fi Swahili ṣe ọdún méje, ọjọ́ tó bá wọ Form One, ìyẹn kíláàsì kìíní sẹ́kọ́ńdírì, Gẹ̀ẹ́sì lójijì, gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì, ìwé, ìdánwò. Gẹ̀ẹ́sì tó sì kọ́ ní pírámárì, lọ́wọ́ tíṣà tí òun náà ò gbọ́ ọ dáadáa ni. Ìgbìmọ̀ kan tí Nyerere gbé dìde, tí Jackson Makweta jẹ́ alága ẹ̀, ti sọ ní 1982 pé kí wọ́n jẹ́ kí Swahili wọ sẹ́kọ́ńdírì láti January 1985, ìjọba ò gbà. Àwọn òyìnbó méjì, Criper àti Dodd, tún ṣe ìwádìí ní 1984, wọ́n rí i pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ò tó ohun tí wọ́n lè fi gba ẹ̀kọ́ rárá. Síbẹ̀ wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èsì ìdánwò Form Four ti 2012 wá jáde, bíi 60 nínú 100 ọmọ ló gba òdo, gbogbo orílẹ̀-èdè figbe ta, ìjọba ní láti wọ́gi lé èsì yẹn kí wọ́n tún un tò. Kì í ṣe èdè nìkan ló fà á, wọ́n ti sáré kọ́ sẹ́kọ́ńdírì sí gbogbo wọ́ọ̀dù láìsí tíṣà, láìsí lábù, ṣùgbọ́n èdè wà níbẹ̀.

Yorùbá ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ibi tí mò ń bọ̀ nìyẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rí báyìí fún Tanzania, wọn ò sọ pé kí wọ́n kó Swahili kúrò ní pírámárì. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni bí ọmọ ṣe máa kúrò nínú èdè kan bọ́ sí èkejì. Ní February 2025, Ààrẹ wọn, Samia Suluhu Hassan, ṣí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n tún ṣe, wọ́n dín pírámárì kù sí ọdún mẹ́fà, wọ́n sọ ẹ̀kọ́ dandan di ọdún 10, iṣẹ́ ọwọ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì, Swahili ṣì wà ní pírámárì ìjọba níbẹ̀. Àwa ńkọ́, kòtò yẹn gan-an la fẹ́ gbé wá sí ẹnu ọ̀nà jẹ́léósinmi. Ọmọ Tanzania bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé lójijì lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlá, ó ti mọ̀ ọ́n kọ, ó ti mọ̀ ọ́n kà, ó ti mọ ìṣirò. Ọmọ tiwa, ọmọ ọdún mẹ́ta mẹ́rin la fẹ́ kó bá a pàdé, lọ́wọ́ tíṣà tí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ náà ò dán mọ́rán. Mi ò bú àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi o, bí wọ́n ṣe kọ́ wa náà nìyẹn.

Mo rántí ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi ní pírámárì fọ́ọ̀, ìyá ẹ̀ ń ta tòmáàtì ní Ọjà Ọba. Mo kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù pé "Share 24 mangoes equally among 6 pupils", ọmọ yìí kọ 30. Ó ti ro 24 pọ̀ mọ́ 6, torí nọ́ńbà méjèèjì nìkan ló dá mọ̀ nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Mo pè é sọ́dọ̀, mo ní ká ní màmá ẹ̀ gbé máńgòrò 24 lé e lọ́wọ́ pé kó pín in dọ́gba fún èèyàn mẹ́fà, mélòó ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì sọ ọ́ tán tó fi ní mẹ́rin mẹ́rin. Àtikékeré ló ti ń bá ìyá ẹ̀ to tòmáàtì lé àtẹ, tó ń ka owó, tó ń fún oníbàárà ní ṣéńjì, kò sí ohun tó ń jẹ́ pínpín tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n lórí ìwé ìdánwò, òdo ni. Tí wọ́n bá wá kó òdo irú àwọn ọmọ báyìí jọ sí Abuja, wọ́n á ní ọmọ ibẹ̀ ò mọ ìṣirò.

Ohun tó sì dùn mí jù ni pé a ò nílò kí ẹnikẹ́ni láti Dar es Salaam wá kọ́ wa. Ní 1970, Bàbá Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn míì ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta. Wọ́n kọ ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, wọ́n kọ́ àwọn tíṣà, wọ́n sì mú tíṣà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kó máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó fi Yorùbá ṣe ọdún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọn ò kẹ́yìn. Bàbá náà padà ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990 sí 1992. Gbogbo ẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Tí a bá fẹ́ sọ pé a ti dán èdè abínibí wò ní Nàìjíríà, ibẹ̀ la ti dán an wò, èsì ẹ̀ sì dára.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní Àkúrẹ́ ò ṣe é fi wé Modákẹ́kẹ́ ìgbà yẹn, pé ọmọ Hausa wà ní Sábó, ọmọ Igbo wà, ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀yà wà ní bárékè Ọ̀wẹ́nà. Òótọ́ ni, mo ti kọ́ irú wọn. Kódà láàárín wa ní Ìpínlẹ̀ Òndó níbí, èdè Ìjọ (Ijaw) ni ọmọ Arógbò ń sọ nílé, àwọn ìlú kan wà ní Àkókó tí èdè ilé wọn kì í ṣe Yorùbá tó wà nínú ìwé. Ìyẹn gan-an ni Tanzania fi wúlò fún wa. Èdè àdúgbò tí ọmọ ń gbọ́ lójoojúmọ́, bí kì í bá tiẹ̀ ṣe tìyá ẹ̀, ó yá a lára ju èdè tí kò gbọ́ rí lọ. Ọmọ Igbo tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́, Yorùbá ló fi ń ta bọ́ọ̀lù. Ti Arógbò yẹ kó yàtọ̀, kí wọ́n fi Ìjọ bẹ̀rẹ̀ fún wọn, kò yẹ ká ṣe é fún wọn bí Tanzania ṣe ṣe é fún àwọn èdè kéékèèké.

Àwọn kan á tún ní ọmọ olówó ò ní bá wọn sọ Yorùbá ní ilé ìwé, kí ló dé tí ọmọ tálákà á fi sọ ọ́. Tanzania náà ní ìṣòro yìí, láti àwọn ọdún 1990 ni pírámárì aládàáni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ti ń pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn tó rówó ń kó ọmọ wọn lọ. Nyerere fúnra ẹ̀ ò kórìíra Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi tó wà lókè òkun, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tọ̀ ni kí a fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì gbọ́ kọ́ ọ ní ìṣirò.

Bàbá Ajasin ọmọ Ọ̀wọ̀, tíṣà ni àwọn náà, àwọn ló ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, nígbà tí wọ́n sì di gómìnà Òndó ní 1979 wọ́n tún ṣe é. Àwọn ọmọ 1955 yẹn, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì di dókítà, wọ́n di lọ́yà. Ẹ̀kọ́ pírámárì ò sí lọ́wọ́ Abuja nìkan, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gba tíṣà, ìpínlẹ̀ ló ń rán àwọn tó ń yẹ ilé ìwé wò. Lagos ti ṣe òfin tiwọn lórí kíkọ́ Yorùbá ní ilé ìwé láti 2018. Kí ló dé tí tiwa ò lè ṣe ju ìyẹn lọ? Adeyemi wà ní Ondo, ó ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ báyìí, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ yìí, kí wọ́n kọ ìwé ìṣirò pírámárì wan sí tíríì tó máa ní Yorùbá lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì, kí wọ́n sì kọ́ tíṣà bí wọ́n ṣe máa lò ó. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì gidi kan fún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, kó máa lọ láti kíláàsì dé kíláàsì, bí wọ́n ṣe ṣe é ní Modákẹ́kẹ́. Kò wọ́n ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí ìjọba ń náwó lé lórí lọ.

Èyí tó kánjú jù ni ti àwọn tíṣà tó wà ní kíláàsì lónìí. Àwọn tó ń bọ̀ wá kí mi nílé ń béèrè pé ṣé tí òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ilé ìwé wò bá wọlé tó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá ṣàlàyé ìṣirò fún ọmọ pírámárì wan, ṣé ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn. Mo bẹ Kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ wa àti àwọn ọ̀gá SUBEB Òndó, àjọ tó ń bójú tó pírámárì ìjọba, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ìwé kí sáà tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, pé tíṣà lè lo Yorùbá láti pírámárì wan dé tíríì, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ ọmọ torí ó sọ èdè bàbá ẹ̀. Tí wọ́n bá fèsì, Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa gbé e sínú ìwé ìròyìn yín, kí àwọn tíṣà lè gé e lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì wọn.

Èmi ni,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ọ̀nà Ọ̀bá-Ilé, Àkúrẹ́.